Mo Purọ́ fún Kọ̀ǹpútà, Fáànù Ńlá Tú Mi Láṣìírí

Mo yí nọ́ńbà kan padà nínú iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí ẹ̀rọ wá ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe, mo dákẹ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n lé ọ̀rẹ́ mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì pẹ́ rárá. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí, ẹ̀rín sì tún ń gbọ̀n mí nínú. Ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rẹ́rìn-ín tán, ẹ fi mí kọ́gbọ́n.

Adájọ́ ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé mo kàwé òfin o. Ẹnjiníà kékeré ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan tí a ti ń ṣe bébà. N kì í gba ìrẹ́jẹ, ìyẹn ló fà á. Tí wọ́n bá ń pín ọṣẹ fún òṣìṣẹ́, tí ti awakọ̀ kéré sí ti akọ̀wé, èmi ni n ó kọ́kọ́ pariwo. Tí ẹnì kan bá já wọ ìlà níbi oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á ní, "Adájọ́ ń bọ̀ o!" Onítọ̀hún á rọra padà sẹ́yìn bí ẹni tó gbàgbé síbí.

Irú èmi yìí ni mo wá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tí mo ṣẹ̀, Wòlíì la ń pè é, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe kí ẹ̀rọ ọ̀hún tó ṣe é. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá ń yí ló máa ń gbọ̀n. Ẹ̀yin náà ti rí fáànù inú yàrá tó ń mì bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ti ilé-iṣẹ́ tóbi ju yàrá ọ̀hún fúnra rẹ̀ lọ. Tí irú ìyẹn bá gbọ̀n jù, ó lè fa ara rẹ̀ ya.

Nítorí náà, Wòlíì máa ń kọ́ ẹ̀rọ náà sínú kọ̀ǹpútà, gbogbo irin rẹ̀, gbogbo bóòtù rẹ̀. Á wá yí i níbẹ̀, á máa wo bí ó ṣe ń gbọ̀n. Ibi tó bá ń gbọ̀n jù á pupa lójú kọ̀ǹpútà. Ibi tó bá jókòó jẹ́ẹ́ á ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Gbogbo ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì ti gidi.

Ọ̀dọ́kùnrin gígùn kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé ni. Yàrá rẹ̀ tutù débi pé ó máa ń wọ súwẹ́tà níbẹ̀ nígbà tí àwa tó kù ń làágùn. Tó bá dé láàárọ̀, á tẹrí ba fún kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe ń jẹ́ kó mọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n wọ́n kàn ń dán an wò ni. Ọ̀gá Àgbà ti sọ fún un lójú gbogbo wa: "Tí àsọtẹ́lẹ̀ rẹ bá ṣẹ lórí fáànù tuntun yìí, o ti di ọmọ ilé. Tí kò bá ṣẹ, kọ̀ǹpútà ń lọ sí sítọ́ọ̀, ìwọ ń lọ sílé yín."

Fáànù tuntun náà ga ju ènìyàn méjì lọ. Òun ló máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sára bébà tútù kó lè gbẹ. Wọ́n kùn ún ní funfun, ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń retí rẹ̀, ni àwọn òṣìṣẹ́ bá sọ ọ́ ní Ìyàwó.

Ìyàwó nílò ìjókòó. Ìjókòó irin, tó ga, tó sì le, tí wọ́n á de fáànù náà mọ́. Ta ló ṣe ìjókòó yìí? Àǹtí mi ni.

Àbúrò ìyá mi ni, òun ló sì tọ́ mi dàgbà. Jórin-jórin ni, ó ní ṣẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn ẹ̀rọ, ó sì máa ń wọ yẹtí wúrà sábẹ́ akoto tó fi ń bojú. "Iná lè jó aṣọ mi," ló máa ń wí, "kò lè jó ẹwà mi."

Nígbà kan, Àǹtí ya àwòrán àtẹ̀gùn irin kan fún ilé-iṣẹ́ wa. Ọ̀gá Àgbà kò tilẹ̀ jẹ́ kó ṣàlàyé, ó ní kò dára. Ó gbé iṣẹ́ náà fún àwọn ará ìta. Àwọn yẹn ṣe àtẹ̀gùn ọ̀hún gẹ́lẹ́ bí Àǹtí ṣe yà á, Ọ̀gá Àgbà sì yìn wọ́n. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi ni mo sunkún.

Ní báyìí, Ọ̀gá Àgbà ti ṣèlérí. Tí ìjókòó Ìyàwó bá yege lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo ìjókòó ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn tuntun, Àǹtí ni yóò ṣe é. Tí kò bá yege, ó di ti àwọn ará ìta.

Ẹ wá gbọ́ bí ìdánwò ṣe wọlé tọ̀ mí wá.

Kọ̀ǹpútà Wòlíì kì í fẹ́ eruku, eruku bébà sì wà lára gbogbo wa. Àwọn jórin-jórin kì í wọ yàrá tútù, Wòlíì kì í sábà jáde síta. Èmi ni ẹsẹ̀ tó ń rìn láàárín wọn. Tí nǹkan kan bá wà tí a fẹ́ wọ̀n lára irin, èmi ni n ó wọ̀n ọ́, n ó sì gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ fún un. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn, kò sì sí ẹni tó rí nǹkan burúkú níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn ènìyàn ti lọ jẹun, mo mú òòlù olórí rọ́bà, mo lẹ mítà mọ́ ìjókòó Ìyàwó, mo sì lù ú. Gbàǹ! Tí ẹ bá lu irin báyẹn, á gbọ̀n ní ìwọ̀n tirẹ̀, bí agogo ṣe ní ohùn tirẹ̀. Mítà á sọ iye ìgbà tó ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Mítà ní mẹ́rìnlélógún.

Mo tún lù ú. Mẹ́rìnlélógún.

Ìyẹn kò dára. Ìdí ni pé Ìyàwó fúnra rẹ̀ yóò máa yí nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí iye méjèèjì bá sún mọ́ra báyìí, wàhálà dé. Ṣé ẹ mọ jangílọ́fà tí àwọn ọmọdé ń gùn? Tí ẹ bá ń tì í ní àkókò tó ń padà bọ̀ gan-an, ìwọ̀nba agbára díẹ̀ á gbé ọmọ náà dé òkè. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyàwó á máa ti ìjókòó rẹ̀, tí ìjókòó á máa ti Ìyàwó.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo gbọ́ ohùn Àǹtí láti ẹnu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀, oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀.

"Adájọ́ mi! Ìjókòó mi ńkọ́? Ṣé ó le?"

"Ó le, Àǹtí!"

Ẹnu mi ló dáhùn o. Orí mi kò tíì dé ibẹ̀.

"Báwo ló ṣe le tó?"

"Ó le gan-an ni!"

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, ó fi ṣíbí lu àwo bí ẹni lu agogo. "Ẹ gbọ́ o, gbogbo ayé! Ẹnjiníà ní ó le!"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi rojọ́ bí mo ṣe ń lọ sí yàrá tútù. Mo ní, wọ́n ti rẹ́ obìnrin yìí jẹ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, Wòlíì a máa bẹ̀rù jù, ìbẹ̀rù rẹ̀ ni yóò fi já ìjókòó Àǹtí kulẹ̀. Mo ní, tí kọ̀ǹpútà bá ní ó dára, Àǹtí á ríṣẹ́, Wòlíì á di ọmọ ilé, inú Ọ̀gá Àgbà á dùn. Gbogbo ènìyàn á jẹ ìpín kan náà. Kí ló tún jẹ́ òdodo ju ìyẹn lọ? Mo ń pín òdodo bí ẹni pín ọṣẹ.

Nígbà tí mo fi máa dé iwájú kọ̀ǹpútà, inú mi ti ń dùn. Wòlíì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi kí n tẹ nọ́ńbà náà wọlé. Mo tẹ mẹ́ta síbi tí méjì yẹ kó wà. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìka kan ṣoṣo, ó parí.

Wòlíì gbé ojú sókè. "Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n? Àǹtí ẹ fi òkè ṣe ìjókòó ni?"

"Ó mọ iṣẹ́ ẹ̀ ni."

"Mo mọ̀ pé ó mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò retí pé á tó ọgbọ̀n. Ṣé o lù ú dáadáa?"

"Mo lù ú."

"Lẹ́ẹ̀kan?"

"Wòlíì, ṣé mo jọ ẹni tó ń purọ́ ni? Èmi Adájọ́?"

Ojú tì í. Òun ni ojú tì, ẹ̀yin òǹkàwé! Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Má bínú. Tó bá jẹ́ pé mo máa ṣiyèméjì sí ẹnikẹ́ni, kì í ṣe ìwọ. Jẹ́ kí n ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún ẹ."

Ó rà á lóòótọ́, mo sì mu ún. A yí Ìyàwó lójú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ara rẹ̀, láti orí dé ẹsẹ̀, àwọ̀ ojú ọ̀run. Kò sí pupa kankan. Wòlíì bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó ń fi í yí lókè orí. "Mo ti di ọmọ ilé! Ẹ ṣé, mà! Ẹ ṣé, mà!" Ó ń tẹrí ba fún kọ̀ǹpútà. Ó fà mí lọ́wọ́, a jọ ń fò yí tábìlì ká. Ara mi fúyẹ́ bí bébà tí afẹ́fẹ́ gbé. Mo tilẹ̀ gbàgbé pé irọ́ ni mo pa.

Wòlíì kò wá pa ẹnu mọ́. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń sọ fún pé Ìyàwó kò ní gbọ̀n. "Ẹ gbé ife omi lé e. Tí ó bá dà, ẹ má pè mí ní Wòlíì mọ́."

Ọjọ́ tí a máa tan Ìyàwó pé. Gbogbo wa yí i ká. Ọ̀gá Àgbà wọ ṣòkòtò funfun kan tí a kò rí rí, ó mú ife tíì rẹ̀ lọ́wọ́.

"Wòlíì, o ní kí a gbé omi lé e?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tíì mi ni mo máa gbé lé e."

"Ẹ fi ṣíbí sí i, sà! Kò ní mira."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àǹtí ti kun ètè. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì.

Ìyàwó kọ́kọ́ ń mí bí ọmọ tó ń sùn. Ó yí díẹ̀, ó tún yí sí i. Tíì kò mira. Wòlíì ń wò mí, ó ṣẹ́jú sí mi. Mo ṣẹ́jú padà.

Lẹ́yìn náà ni ṣíbí bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú ife. Kín-ín-kín-ín-kín-ín.

"Kí nìyẹn?" Ọ̀gá Àgbà bèèrè.

Kò sí ẹni tó dá a lóhùn, torí pé ife tíì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo fi ojú mi rí i. Ó kọ́kọ́ yí ojú sí wa bí ẹni tó fẹ́ kí wa, ó wá ń bọ̀ ní jẹ́jẹ́ lórí irin.

"Ife ń rìn o!"

"Ó ti lẹ́sẹ̀!"

"Ọ̀gá, ó ń bọ̀ wá bá yín!"

Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ bàtà wa. Fìlà bọ́ sílẹ̀ lórí oníná mànàmáná, ẹni tó ń tún wáyà ṣe. Fèrèsé ń ké. Gbogbo eruku bébà tó ti wà lórí òrùlé láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà já lulẹ̀ lé wa lórí, gbogbo wa hewú lẹ́ẹ̀kan náà, àgbà àti ọ̀dọ́. Ife tíì dé etí irin, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó sì fò. Ó bà sórí ṣòkòtò funfun.

"Ẹ pa á!" Ọ̀gá Àgbà ń fò lórí ẹsẹ̀ kan. "Ẹ pa á! Ẹ pa á!"

Wọ́n pa á. A rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n bí Ìyàwó ṣe ń rọlẹ̀ kọjá mẹ́rìnlélógún ló wá jó èyí tó burú jù, ijó kan ṣoṣo, bí ẹni tó ti ń lọ sílé tó tún rántí orin. Bóòtù kan já, ó fò kọjá orí wa. Gbogbo wa da orí kodò. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bẹ́. Ẹ̀rín ẹni tó rí i pé òun kò kú. Ẹnì kan wá ké láti ẹ̀yìn: "Wòlíì èké!" Gbogbo gbọ̀ngàn gbà á: "Wòlíì èké! Wòlíì èké!"

Ọ̀gá Àgbà ń fi bébà nu ṣòkòtò. Bébà kúkú ni a kì í wá tì níbẹ̀. "Àwọn tó ṣe fáànù ní ó dára," ó ní. "Ìjókòó le, mítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló wá kù?"

Wòlíì dúró, eruku funfun lórí rẹ̀, kò jọ ẹni tó ń fi súwẹ́tà fò mọ́. "Èmi ni mo kù, sà."

"Kó ẹrù rẹ. Kí n má bá ọ níbí tó bá di Jímọ̀."

Mo la ẹnu. Mo búra fún yín pé mo la ẹnu. Eruku bébà ló wọ ibẹ̀, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Àǹtí ń gbá mi lẹ́yìn. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má jẹ́ kó dùn ẹ́ jù. Ojú àánú ẹ ti pọ̀ jù." Nígbà tí ikọ́ fi máa dá, gbogbo wọn ti ń lọ, mo sì sọ fún ara mi pé ó ti pẹ́ jù láti sọ̀rọ̀. Irọ́ mìíràn nìyẹn. Kò tíì pẹ́ rárá.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí yàrá tútù. Mo rò pé n ó bá a níbi tó ti ń di ẹrù. Kò di nǹkan kan. Ó wọ súwẹ́tà sódì, ojú rẹ̀ ń tàn bí ti ẹni tó rí nǹkan he.

"Adájọ́! Jókòó. Ṣé o rí bí ó ṣe jó lẹ́yìn tí wọ́n pa á?"

"Mo rí i."

"Ẹ̀rọ tó wà lórí ohun tó le dáadáa kì í jó báyẹn nígbà tó bá ń rọlẹ̀! Nǹkan kan wà nínú ohun tí mo fi kọ́ ọ tí kì í ṣe òótọ́. Mi ò mọ èwo. Ṣùgbọ́n màdáámù yìí máa bá mi wá a." Ó fọwọ́ lu kọ̀ǹpútà.

Mo jókòó. "Báwo ló ṣe máa wá a?"

"Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ fún un bí ẹ̀rọ ṣe rí, á sọ fún mi bí ó ṣe máa gbọ̀n. Ní báyìí, mo fẹ́ sọ fún un bí ó ṣe gbọ̀n, kó wá sọ fún mi bí ẹ̀rọ ṣe rí. À ń padà láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú ni!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Lójijì, ó wò mí dáadáa. "Ojú ẹ ò dáa. Ṣé nǹkan kan wà tí o fẹ́ sọ?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ta ni wọ́n tún ń ṣílẹ̀kùn fún tó báyìí? Ó bi mí léèrè fúnra rẹ̀, pẹ̀lú sùúrù, àwa méjì péré la wà níbẹ̀.

"Rárá," mo ní. "Orí ló ń fọ́ mi."

"Lọ mu omi. Kí o sì bá mi pe gbogbo ènìyàn wá."

Èmi náà ni mo lọ pè wọ́n. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ kó àwọn ẹlẹ́rìí tí yóò tako mí jọ.

Nítorí eruku, gbogbo wọn bọ́ bàtà sílẹ̀ níta. Ọ̀gá Àgbà dúró láìwọ bàtà, àtàǹpàkò kan yọ nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Àǹtí gbé akoto sórí, ó ká apá. "Wòlíì èké, ó yá, jẹ́ ká gbọ́."

Wòlíì gbé ojú kọ̀ǹpútà sára ògiri kí gbogbo wa lè rí i. Ìlà pupa kan wà níbẹ̀: bí Ìyàwó ṣe gbọ̀n gan-an nìyẹn, mítà ara rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlà kejì jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run: bí kọ̀ǹpútà ṣe rò pé ó máa gbọ̀n. Ìlà méjèèjì jìnnà síra bí àwọn tó ń bára wọn jà.

Ó yí ìwúwo fáànù padà. Ìlà kò sún. Ó yí ti bíárìn tí fáànù ń yí lórí rẹ̀ padà. Kò sún. "Ó ku ìjókòó," ó ní.

"Fi ìjókòó mi sílẹ̀!" Àǹtí ké.

"Ẹ ṣe sùúrù, Àǹtí. Mítà ní mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹ jẹ́ ká máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ká wo ibi tí ìlà méjèèjì á ti pàdé."

Nọ́ńbà ńlá kan yọ lára ògiri. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìlà kejì sún díẹ̀ sọ́dọ̀ ìlà pupa. Gbogbo ènìyàn ní, "Háà!"

Méjìlélọ́gbọ̀n. Ó tún sún.

"Ọgbọ̀n ló máa dúró sí," oníná mànàmáná ní. "Mo fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ta tẹ́tẹ́."

"Méjìdínlọ́gbọ̀n! Méjì ni tèmi!"

Wọ́n kọjá ọgbọ̀n. Wọ́n kọjá méjìdínlọ́gbọ̀n. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ka nọ́ńbà pa pọ̀ bí àwọn ọmọ iléèwé. Oníná mànàmáná fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Adájọ́, ìwọ ńkọ́? Mélòó ni tìẹ?"

Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Ǹ bá ti jẹ gbogbo ọtí tí wọ́n fi ta tẹ́tẹ́ nínú yàrá yẹn.

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!" wọ́n ké. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n!"

"Mẹ́rìnlélógún!"

Ìlà kejì gun orí ìlà pupa, ó sùn lé e bí aṣọ lórí ibùsùn. A kò rí ìlà méjì mọ́. Ariwo sọ, wọ́n ń bá ara wọn bọwọ́. Wòlíì nìkan ni kò pariwo. Ó ń wo nọ́ńbà náà, mẹ́rìnlélógún, àti èyí tí mo tẹ̀ fún un, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo rí i nígbà tó rí ìka kan ṣoṣo náà.

Ó yípadà ní jẹ́jẹ́.

"Adájọ́. Kí ni mítà sọ?"

Mi ò lè purọ́ míràn. Kò sí àyè fún un mọ́ lára ògiri yẹn.

"Mẹ́rìnlélógún."

"Ẹ̀ẹ̀kan lo lù ú?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Mẹ́rìnlélógún ni méjèèjì."

Ariwo tó sọ lẹ́yìn ìyẹn, èyí tí Ìyàwó pa kò tó o. "Adájọ́! Àwọn adájọ́ ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀!" "Ẹ wá wo ẹni tó ń lé wa lórí ìlà oúnjẹ!" Ẹ̀rín ń pa wọ́n kú. Mo ní, "Nítorí Àǹtí ni. Wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́..."

Àǹtí bọ́ akoto kúrò lórí. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ní kí o bá mi bẹ kọ̀ǹpútà?"

"Àǹtí..."

"Mo bi ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ṣé ó le. Ká ní o sọ mẹ́rìnlélógún fún mi, ǹ bá ti jó ọ̀pá irin mọ́ abẹ́ ẹ̀ kí ọjọ́ tó rọ̀! Àtúnṣe ló ń fẹ́, o lọ fún un ní irọ́!" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọ̀gá ò jẹ́ kí n ṣàlàyé àtẹ̀gùn mi. Ìwọ náà ò jẹ́ kí n tún ìjókòó mi ṣe. O wò mí, o rí ẹni tí kò ní lè ṣe é."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi tó dùn mí jù nìyẹn. Gbogbo àkókò tí mo ń pariwo òdodo kiri, mo rò pé ìrẹ́jẹ máa ń wá pẹ̀lú ojú burúkú. Mi ò mọ̀ pé ó lè wá pẹ̀lú ìfẹ́, kó sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn, ẹ sọ òótọ́ fún un kó lè mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣe.

Ọ̀gá Àgbà gbé ọwọ́ sókè. "Wòlíì, o ti di ọmọ ilé. Mo ti sọ ọ́, gbogbo ayé ti gbọ́." Àwọn ènìyàn hó. "Ní ti Adájọ́ yìí, ìwọ ni kí o dá ẹjọ́ rẹ̀. Tí o bá ní kó lọ, òní ló ń lọ."

Gbogbo ojú yí sí Wòlíì. Ẹ̀rín tí kì í kúrò lójú rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Mo rò pé n ó máa di àpótí mi. Mo gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

"Kó dúró," ó ní.

"Ṣé o ti dárí jì í ni?" Ọ̀gá Àgbà bèèrè.

"Rárá o, sà. Mi ò tíì dárí jì í." Ó wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. "Ṣùgbọ́n tó bá lọ sílé, á gbàgbé. Èmi ni mo fẹ́ kúrò níbí."

"Kúrò níbo? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ẹ níṣẹ́!"

"Nínú yàrá yìí, sà. Mo fẹ́ lọ jókòó ní ṣẹ́ẹ̀dì Àǹtí. Tí wọ́n bá lu irin, kí n gbọ́ ọ. Tí nọ́ńbà bá yọ, kí èmi àti ẹni tó jó irin náà jọ rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gbé nọ́ńbà rìn láàárín wa mọ́."

"Eruku á pa kọ̀ǹpútà ẹ!"

"Kó máa pa á díẹ̀díẹ̀, sà. Mo máa nù ún."

Àǹtí la ẹnu. "Ní ṣẹ́ẹ̀dì tèmi? Ta ló bi mí? Wòlíì, ṣé o mọ̀ pé mi ò ní éà-kọn?"

"Mo mọ̀, Àǹtí."

"Tí o bá ń tẹrí ba fún ẹ̀rọ láàárọ̀, èmi ni kí o kọ́kọ́ kí o."

"Ẹ káàsán, mà."

"Hẹn-ẹn! Ọmọ gidi." Ó ti ń ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Wòlíì bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó fi í bo ojú kọ̀ǹpútà. Ó yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sún mọ́ tábìlì, mo di apá kan mú.

"Fi sílẹ̀," ó ní.

Mo fi sílẹ̀. Àǹtí gba apá yẹn lọ́wọ́ mi. Àwọn méjèèjì gbé tábìlì náà sókè, kọ̀ǹpútà lórí rẹ̀, wọ́n ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ní ẹ̀gbẹ́, Àǹtí ń pàṣẹ, "Rọra o, rọra, èékánná mi!" Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń yà fún wọn. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró, torí pé kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo nínú wọn.

Wòlíì kò wẹ̀yìn.

"Adájọ́," ó ní, "ṣílẹ̀kùn."